Orin Àkọ̀ ní Ọjọ́ Àlàmísì

Ṣọ́ọ̀bù bàbá mi wà lẹ́yìn Báàbù Sídì Abdulwahab, ẹnu-ọ̀nà ògiri àtijọ́ ní Oujda, ìlú wa lẹ́bàá ibodè, níbi tí àwọn aránṣọ jàlàbíà tò sí lápá kan, tí àwọn tó ń ta èso ólífì tò sí lápá kejì. Kò fẹ̀ ju ibi tí ènìyàn méjì lè jókòó sí lọ. Bàbá mi a jókòó lápá ọ̀tún, wọ́n a máa gé aṣọ. Èmi a jókòó lápá òsì, mo ń fi òwú ṣẹ́dà hun bọ́tìnì. Rédíò wà láàrin wa, lórí pákó tí wọ́n kàn mọ́ ògiri. Benyounes ni orúkọ bàbá mi. Rahmouna ni èmi. Ọmọ ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mí nígbà tí ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mo ti lọ sílé ọkọ, mo ti kúrò níbẹ̀, mi ò sì bímọ.

Rédíò òdìkejì ni à ń gbọ́. Láti ọdún 1994 tí wọ́n ti ti ibodè pa, a ò lè kọjá lọ sí Aljẹ́ríà mọ́, àwọn náà ò lè kọjá wá, ṣùgbọ́n kò tíì sí ẹni tó lè ti afẹ́fẹ́ pa. Ní gbogbo ọjọ́ Àlàmísì, lẹ́yìn ìrun Alásàrì, ètò kan wà níbẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi ń kí ara wọn. Wọ́n á pe rédíò, wọ́n á dárúkọ orin àtijọ́ tí wọ́n fẹ́ àti ẹni tí wọ́n fẹ́ kí wọ́n fi kí. Bàbá mi fẹ́ràn ètò yìí. Ṣùgbọ́n bó bá ti ṣe díẹ̀, ọwọ́ wọn á ṣàdédé na sí rédíò, wọ́n á pa á. Ó lè tó ìṣẹ́jú márùn-ún kí wọ́n tó tún tan án.

Si Tahar, tó ń ta ólífì ní iwájú wa, kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà lọ bẹ́ẹ̀.

"Benyounes, rédíò rẹ yìí ní wárápá. Gbogbo Àlàmísì ló ń dákú."

"Ó ti gbóná ni. Mo ń jẹ́ kó sinmi."

"Ìyàwó tèmi náà gbóná, mi ò tíì rí ibi tí mo máa yí tó fi máa sinmi."

Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á rẹ́rìn-ín, iṣẹ́ á sì máa lọ. Mi ò fìgbà kan bi wọ́n léèrè ìdí. Àgbàlagbà ní ìṣe tirẹ̀, mo rò pé ìṣe ni.

Ní Àlàmísì kan nínú oṣù kẹfà, bàbá mi lọ rí oníṣègùn ojú, nítorí òwú kò gba ojú abẹ́rẹ́ wọn mọ́. Èmi nìkan ni mo wà ní ṣọ́ọ̀bù. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ti ka orúkọ bíi mẹ́rin, ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin ará ilé, ẹ ti mọ ẹni tó kàn. Màmá wa Kheira, ọmọ Bouhafs, láti Maghnia. Wọ́n ní ká bá wọn fi orin ẹyẹ Àkọ̀ kí ọmọ wọn Rahmouna, tó ń gbé ní Oujda. Wọ́n ní kó mọ̀ pé òkúta rédíò ṣì wà nínú oòrùn."

Orúkọ Rahmouna pọ̀ ní Oujda. Mo rẹ́rìn-ín pé ẹlòmíràn ló ń jẹ́ orúkọ mi. Orin bá bẹ̀rẹ̀. Orin àwọn obìnrin oko ni, ohùn wọn le, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i:

Àkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ pupa,
orí ilé wa ni ìtẹ́ rẹ wà.
Bí òtútù bá lọ,
ìwọ náà, máa bọ̀.

Ọwọ́ mi dúró. Mo rí òrùlé pẹrẹsẹ kan nínú oòrùn. Mo rí òkúta rédíò mẹ́rin tí wọ́n tò sínú abọ́ páànù kí agbára wọn lè padà, èmi sì lóṣòó tì wọ́n, mò ń yí wọn kí ẹ̀gbẹ́ kejì náà lè gba oòrùn, mò ń lé adìẹ tó fẹ́ ṣá wọn jẹ. Mo rí ọwọ́ obìnrin kan tí làálì ti pọ́n. Ó gbé mi, ó gbé abọ́, ó kó àwọn òkúta náà sẹ́yìn rédíò, rédíò wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, orin yìí gan-an sì jáde. Kò tíì dé ìdajì tí agbára fi tán. Obìnrin náà kò jẹ́ kí n sunkún. Ó fi ẹnu ara rẹ̀ kọ èyí tó kù, ó sì fi ti ara rẹ̀ kún un: "Àkọ̀ ní, Rahmouna, ká lọ, Rahmouna ní òun ò lọ, ọ̀dọ̀ Màmá Kheira lòun wà."

Orin orí rédíò parí. Mo rí i pé mo ṣì ń retí kí wọ́n dárúkọ mi. Abẹ́rẹ́ ti wọ àtàǹpàkò mi, mi ò mọ̀, ẹ̀jẹ̀ ti kán sára jàlàbíà oníbàárà.

Òrùlé yẹn kì í ṣe tuntun sí mi. Nígbà tí mo wà ní kékeré, mo bi ìyá mi léèrè nípa rẹ̀ títí ó fi sú wọn. Fatna ni orúkọ wọn. Wọ́n ní nígbà tí mo ń lọ sí ọmọ ọdún márùn-ún, ibà ńlá kan mú mi, mò ń sọ kántankàntan. "Ibà ló gbé ọ gun òrùlé," báyìí ni wọ́n máa ń wí. Nígbà tó yá, mo gbà wọ́n gbọ́. Ìyá mi ti kú ní ọdún méjì ṣáájú Àlàmísì tí mò ń sọ yìí.

Bàbá mi padà dé pẹ̀lú òwú funfun tí wọ́n fi bo ojú kan. Wọ́n ń rojọ́ oníṣègùn, pé ọmọdé ni, pé ọwọ́ rẹ̀ tutù. Mo jẹ́ kí wọ́n jókòó.

"Bàbá, ta ni Kheira, ọmọ Bouhafs?"

Bouhafs ni orúkọ bàbá wọn. Wọ́n wo rédíò, wọ́n wo ìka mi tí mo fi àkísà dì.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ẹ sọ fún wa pé ẹ ò ní ẹ̀gbọ́n, pé ẹ̀yin nìkan ni ìyá yín bí."

"Mo mọ ohun tí mo sọ." Wọ́n bọ́ fìlà, wọ́n tún un dé. "Ti ilẹ̀kùn, ọmọ mi."

Mo ti ilẹ̀kùn. Ohun tí wọ́n sọ fún mi nìyí, bí wọ́n ṣe sọ ọ́.

"Ìyá wa kú nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́ta. Kheira ló tọ́ mi. Òun ló ń rán ṣòkòtò mi, òun ló ń bá mi jà níta. Mo dàgbà, mo wá síhìn-ín wá kọ́ṣẹ́, mo fẹ́ ìyá rẹ. Òun lọ́kọ, kò bímọ, ọkọ sì kú. Lọ́dún tí wọ́n tún ibodè ṣí, ọdún 1988, a ṣẹ̀ṣẹ̀ já ọ lẹ́nu ọmú. A ti ní Miloud, ẹ̀gbọ́n rẹ. Mo gbé ọ kọjá lọ sí Maghnia, mo gbé ọ lé Kheira lẹ́sẹ̀, mo ní, 'Tìrẹ nìyí.' Ẹnikẹ́ni ò fi ipá mú mi. Ìyá rẹ náà gbà. Ọdún mẹ́rin lo lò níbẹ̀. Bí a bá wá kí ọ, ẹ̀yìn Kheira lo máa ń sá sí."

"Ta ni wá mú mi kúrò?"

"Miloud kú. Ibà ọjọ́ mẹ́ta ni. O ò lè rántí rẹ̀. Ìyá rẹ ò jẹun mọ́, kò wẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ń sọ: 'Lọ mú ọmọ mi wá.' Mo lọ. Mo sọ fún Kheira pé mo fẹ́ mú ọ wá kí ìyá rẹ kó lè tújú ká, pé ọ̀sẹ̀ kan péré ni. Ọ̀sẹ̀ kan ni mo sọ, Rahmouna. Ó di aṣọ mẹ́ta fún ọ. Ó dín búrẹ́dì tí a máa jẹ lọ́nà fún wa. Ó sìn wá dé ìdí mọ́tò, ó ń kìlọ̀ fún mi pé kí n má jẹ́ kí o jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé."

Si Tahar kan ilẹ̀kùn lóde, ó ní ṣé a ti sùn ni.

"Kheira wá lẹ́ẹ̀mejì," ni bàbá mi wí. "Lákọ̀ọ́kọ́, mo parọ́ fún un pé o wà lọ́dọ̀ àwọn àna mi ní Figuig. Lẹ́ẹ̀kejì, a ti kó kúrò nílé tó mọ̀. Ó ń ti ilé dé ilé, ó ń béèrè. Mo rí i láti orí òrùlé. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n kéde pé wọ́n ti ti ibodè. Inú mi dùn, Rahmouna. Ọlọ́run ló mọ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé ìjọba ti bá mi ṣe é."

"Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń béèrè orin náà?"

"Ọdún kẹtàlá rè é."

"Ìyá mi mọ̀?"

"Ó mọ̀. Ó mú mi búra. Nígbà tí òun náà kú, mo ní màá sọ fún ọ. Àlàmísì dé, mo pa rédíò. Àlàmísì mìíràn dé, mo pa á."

Mo rántí bí ìyá mi ṣe máa ń di ọrùn ọwọ́ mi mú lọ́jà, kódà nígbà tí mo ti di ọmọge, bí ẹni tó di nǹkan jíjí mú. Mo máa ń rò pé ìfẹ́ ni. Ìfẹ́ náà ni, mi ò sọ pé kì í ṣe ìfẹ́.

Lọ́jọ́ kejì mo pe iléeṣẹ́ rédíò náà. Wọ́n fún mi ní nọ́ḿbà ẹni tó máa ń bá Kheira pè, aládùúgbò rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Nadjia. Obìnrin tí ẹnu rẹ̀ kì í gbẹ ni, ọjọ́ orí wa ò sì jìnnà síra.

"Rahmouna ta ni?" ni ó wí. "Ti orí rédíò? Má fi mí ṣeré o, ọbẹ̀ wà lórí iná mi."

"Èmi ni. Oujda ni mo ti ń pè."

"Ọdún mẹ́tàlá ni mo ti ń pe rédíò yẹn nítorí rẹ. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi mí ṣaya. Ibo lo wà látijọ́ yìí?"

"Mi ò mọ̀. Lánàá ni mo mọ̀."

Mo gbọ́ tó ń pa iná ọbẹ̀. Mo ní kó jọ̀ọ́, kó gbé fóònù fún Màmá Kheira.

"Àní kí n gbé e síbo, arábìnrin mi? Etí wọn ti dí láti ọdún mẹ́jọ. Bí o fọn fèrè sí wọn létí, wọn ò ní yíjú. Ojú wọn náà, òkèèrè nìkan ni wọ́n ń rí, ohun tó bá súnmọ́ wọn ti di kùrukùru. Àwòrán orí fóònù ò já mọ́ nǹkan fún wọn."

"Kí wá ni wọ́n ń fi rédíò ṣe?"

"Bó bá di Àlàmísì, wọ́n á ní kí n tan án, wọ́n á gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Bó bá ti ń gbọ̀n, wọ́n á wojú mi, wọ́n á ní, 'Òun ni?' Èmi á mi orí pé òun ni. Nígbà mìíràn ìròyìn ni wọ́n ń kà."

Mo lọ béèrè ìwé ìrìnnà lọ́jọ́ náà. Wọ́n ní kí n padà wá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Láti Oujda sí Maghnia kò tó wákàtí kan nínú mọ́tò láyé àtijọ́; ní báyìí, ó di kí n wọ bàálù lọ sí Casablanca, kí n wọ òmíràn láti ibẹ̀ lọ sí Wahran ní Aljẹ́ríà, kí n tó wọ mọ́tò padà sẹ́yìn sí Maghnia. Nadjia ní ká má dúró de ìyẹn. Ó ní ọkọ òun ní mọ́tò, kí a pàdé ní Bayn Lajraf lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.

Bayn Lajraf ni ọ̀nà wa àti ọ̀nà tiwọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹnu kò láàrin àpáta méjì. Odò kékeré kan ló là wá, pẹ̀lú wáyà níhìn-ín àti wáyà lọ́hùn-ún. Ibẹ̀ ni àwọn ẹbí ti máa ń dúró, tí wọ́n ń kígbe kí ara wọn.

Mo sọ fún bàbá mi pé mò ń lọ. Wọ́n ń gé aṣọ wọn lọ. Ṣùgbọ́n láàárọ̀ Àbámẹ́ta, kí n tó jáde, wọ́n ti jókòó sínú mọ́tò, wọ́n wọ jàlàbíà funfun ọjọ́ Ọdún.

Èrò pọ̀ níbẹ̀. Ọkùnrin kan níwájú wa ń bá àbúrò rẹ̀ lọ́hùn-ún ṣeré.

"Abdelhak, o ti sanra o."

"Ẹni tó bá jẹun ló ń sanra. Ìwọ ńkọ́, ṣé ìyàwó rẹ ti ta ìkòkò ni?"

Àwọn ènìyàn ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń ya fọ́tò. Ẹbí kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa tí wọ́n mú ọmọbìnrin kékeré kan wá, ó wọ aṣọ yẹ́lò. Mo wo òdìkejì. Nadjia ti sọ pé ìborùn pupa lòun máa wé, mo sì rí i tó ń jù ú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, lórí àga ike, arúgbó kan jókòó tó fi aṣọ funfun borí títí dé ẹsẹ̀.

Mo gbé ọwọ́ mi méjèèjì sókè. Nadjia tẹ̀ ba arúgbó náà, ó nawọ́ sí mi. Màmá Kheira fi ọwọ́ bo iwájú orí, wọ́n wò mí. Ojú wọn kọjá lára mi bí ìgbà tí ènìyàn ń wo òpó iná. Wọ́n wo ìsàlẹ̀ níbi orúnkún mi, wọ́n wo apá ọ̀tún mi, wọ́n wo apá òsì. Wọ́n wá rí ọmọbìnrin aláṣọ yẹ́lò náà. Wọ́n dìde lórí àga.

Nadjia di èjìká wọn mú, ó mi orí, ó tún nawọ́ sí mi. Àwọn náà mi orí. Mo ń ké pé, "Màmá Kheira, èmi nìyí," mo sì mọ̀ pé etí wọn dí. Mi ò lè pa ẹnu mọ́.

Ìgbà náà ni wọ́n rí bàbá mi lẹ́yìn mi. Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni wọn ò ti rí ara wọn, irùngbọ̀n bàbá mi ti funfun, ojú wọn kan ṣì wà lábẹ́ òwú, síbẹ̀ Màmá Kheira ò wò lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó dá wọn mọ̀.

"Benyounes," ni wọ́n pè, pẹ̀lú ohùn gíga ẹni tí kì í gbọ́ ohùn ara rẹ̀. "Benyounes, ọmọ dà?"

Gbogbo èrò yíjú sí wa, níhìn-ín àti lọ́hùn-ún.

Bàbá mi di apá mi mú, wọ́n tì mí síwájú, wọ́n gbé ọwọ́ mi sókè bí ẹni tó ń fi ọjà han oníbàárà. "Òun rè é," ni wọ́n ń wí. "Kheira, òun rè é. Ẹ̀gbọ́n mi, wò ó dáadáa."

"O ní ọ̀sẹ̀ kan," ni Màmá Kheira wí. "Benyounes, o ní ọ̀sẹ̀ kan."

Bàbá mi jókòó sórí iyẹ̀pẹ̀ pẹ̀lú jàlàbíà funfun náà. Ọlọ́pàá fọn fèrè pé kí àwọn tó gbé mọ́tò dí ọ̀nà máa lọ. Nígbà tí mo fi gbé bàbá mi dìde, Nadjia àti ọkọ rẹ̀ ti ń mú Màmá Kheira lọ sídìí mọ́tò wọn. Wọ́n ń yíjú wẹ̀yìn, ọmọ aláṣọ yẹ́lò ni wọ́n ń wò.

Nírọ̀lẹ́, Nadjia pè mí.

"Mo ṣàlàyé fún wọn títí ọwọ́ fi ń dùn mí," ni ó wí. "Mo fi ọwọ́ júwe gíga rẹ, mo ka ọdún fún wọn lórí ìka."

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Wọ́n ní Benyounes ti darúgbó. Wọ́n ní ó mú obìnrin kan wá, ó fẹ́ fi dípò ọmọ. Wọ́n ní àwọn ò gbà. Wọ́n ní kí n má fi Àlàmísì sílẹ̀." Ó mí kanlẹ̀. "Kí ni kí n ṣe, arábìnrin mi? Ṣé kí n máa pe rédíò lọ?"

Mo ní kó máa pè.

Ó ń pè. Èmi àti bàbá mi jókòó sí ṣọ́ọ̀bù, lápá ọ̀tún àti lápá òsì, orin náà ń wá, a ń gbọ́ ọ dópin. Si Tahar kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́. Mi ò mọ ohun tó rí lójú wa.

Ìwé ìrìnnà kò jáde lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó di ìparí oṣù keje. Mo dá ọjọ́ bàálù sí ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹjọ. Mo rò pé tí mo bá dé ọ̀dọ̀ wọn, tí mo bá jókòó tì wọ́n lórí òrùlé náà, tí wọ́n bá fi ọwọ́ kàn mí lójú, ara wọn á mọ̀ mí. Mo ra làálì fún wọn. Mo rán aṣọ kan.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ Jímọ̀, Nadjia pè, kò sì bá mi ṣeré. Ó ní Màmá Kheira ò jí láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé wọ́n ti sin wọ́n lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, pé àwọn ò lè dúró dè mí nínú ooru yẹn. Ó ní Àlàmísì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá, wọ́n gbé ọwọ́ lé rédíò títí orin fi parí. Mo bi í bóyá orin ni lóòótọ́, àbí ìròyìn. Ó ní orin ni. Mi ò mọ̀ bóyá ó ń ṣàánú mi.

Bàbá mi lọ sí mọ́sáláṣí, wọ́n bẹ imáàmù kó kírun sí òkú tó wà lókèèrè. Wọ́n padà wá, wọ́n jókòó sáàyè wọn, wọ́n mú àlùmọ́gàjí, wọn ò gé nǹkan kan. Mo ti fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ kan fún wọn tó máa dùn wọ́n dé egungun, ṣùgbọ́n mo rí àlùmọ́gàjí tó ya ẹnu sílẹ̀ lọ́wọ́ wọn lórí aṣọ, mo mú abẹ́rẹ́ mi.

Lọ́jọ́ kejì, Si Tahar yọjú pẹ̀lú tíì, ó béèrè ohun tó dé tí ojú mi fi wú. Mo ní eruku ni. Gbogbo àdúgbò ló ti wá bá mi dárò nígbà tí ìyá mi kú lọ́dún méjì sẹ́yìn. Wọ́n ti gbé oúnjẹ wá, wọ́n ti sunkún pẹ̀lú mi, wọ́n ti ṣe tán. Mi ò rí bí mo ṣe fẹ́ sọ fún wọn pé ìyá mi kú lánàá.